Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò GP láì há fọ́múlà sórí

Ọ̀pọ̀ ọmọ SS2 ló máa ń há fọ́múlà GP (geometric progression, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé ara wọn nípa ìlọ́po) sórí mọ́jú ọjọ́ ìdánwò, tí wọ́n bá wá débẹ̀ tán, ṣé n ni àbí n-1, ó ti dàrú nìyẹn. Wàhálà yẹn ò pọn dandan rárá. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà nídìí GP: nọ́ńbà kan wà tí wọ́n fi ń sọ èyí tó ṣáájú di ìlọ́po kó tó di èyí tó tẹ̀ lé e, tẹ́ ẹ bá ti rí nọ́ńbà yẹn mú, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ kọ́kọ́ wá r

Ẹ wo 2, 6, 18, 54. Ẹ fi 2 pín 6, ẹ máa rí 3. Ẹ fi 6 pín 18, 3 náà ni. Ẹ fi 18 pín 54, 3 ṣì ni. 3 yìí la ń pè ní common ratio, r la fi ń dúró fún un, nọ́ńbà tó ṣíwájú gbogbo wọn, ìyẹn 2, la ń pè ní a. Ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣèdájọ́ o, torí ẹ wo 4, 8, 12, ẹni tó bá pín méjì àkọ́kọ́ nìkan á ní r jẹ́ 2, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi 8 pín 12, 1.5 lẹ máa rí, AP (arithmetic progression) nìyẹn, ńṣe ni wọ́n ń ro 4 mọ́ ọn. Èyí tó ṣáájú lẹ ó máa fi pín èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má yí i padà.

r lè jẹ́ ìdajì, bíi ti 80, 40, 20, tó ń kéré sí i. Ó sì lè ní àmì ìyọkúrò, bíi ti 5, -15, 45, -135, r ibẹ̀ jẹ́ -3, ìdí nìyẹn tí àmì yẹn fi ń wá tó tún ń lọ.

Bí a ṣe ń mọ term èyíkéyìí

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú GP la ń pè ní term. Ẹ jẹ́ ká kọ ti 2, 6, 18, 54 síta kójú rí i:

Term 1: 2
Term 2: 2 × 3
Term 3: 2 × 3 × 3
Term 4: 2 × 3 × 3 × 3

Ẹ ka iye 3 tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní term 4, mẹ́ta ni, ní term 3, méjì ni. Ó máa ń fi ẹyọ kan dín torí pé a ò tíì sọ term àkọ́kọ́ di ìlọ́po kankan, bó ṣe wà ló ṣe wá. Ibẹ̀ ni n-1 ti wá, kò sóhun tẹ́ ẹ tún fẹ́ há sórí mọ́: term n = a × r^(n-1). n ni ipò term tẹ́ ẹ ń wá, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì ^, tí wọ́n ń pè ní páwà, ló ń sọ iye r tó wà níbẹ̀. Term 10 máa jẹ́ 2 × 3^9, ìyẹn 2 × 19,683, tó jẹ́ 39,366.

Tí r bá ní àmì ìyọkúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bírákẹ́ẹ̀tì sí i lórí kàlìkúlétọ̀. Term 5 nínú 5, -15, 45 jẹ́ 5 × (-3)^4, ìyẹn 405. Láìsí bírákẹ́ẹ̀tì, kàlìkúlétọ̀ á gbé -405 jáde, máàkì sì ti lọ.

Ẹ wò ó lára owó ẹ̀yá

Ibí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé nìkan ló kàn. Ká sọ pé ẹnì kan yá 50,000 náírà, èlé 10% lóṣù, tí èlé sì ń gun orí èlé bí kò bá tíì san nǹkan kan. Kí ni r? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní 0.1. Rárá o. Owó tó jẹ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn 1, èlé 0.1 wá gorí ẹ̀, r jẹ́ 1.1. Lẹ́yìn oṣù kan ó di 55,000, lẹ́yìn oṣù méjì 60,500, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta 66,550.

Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó á ní 10% ní ìgbà mẹ́wàá ni gbèsè náà á tó di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe é wò: 50,000 × 1.1^8 jẹ́ nǹkan bí 107,179, ó ti kọjá ìlọ́po méjì lóṣù kẹjọ. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ó ti di nǹkan bíi 156,921. Ẹ kíyè sí i pé páwà 8 la lò fún oṣù kẹjọ, a ò lo 7, torí ọjọ́ tó gbowó gan-an ni term 1, oṣù kẹjọ wá jẹ́ term 9. Ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín ní gbogbo ìgbà.

Ti sógúndogójì tiẹ̀ wá le jù, r ibẹ̀ jẹ́ 2. 20,000 tí wọ́n sọ di ìlọ́po méjì nígbà márùn-ún ti di 640,000.

Tí wọ́n bá fún yín ní term méjì nìkan

WAEC àti JAMB fẹ́ràn èyí: term 3 jẹ́ 12, term 6 jẹ́ 96, ẹ wá a àti r. Láti 3 dé 6, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, a ti fi r sọ ọ́ di ìlọ́po lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ fi 12 pín 96, 8 ni, r^3 jẹ́ 8, r jẹ́ 2. Ẹ wá padà sẹ́yìn: 12, 6, 3. a jẹ́ 3. Ó tán.

Bí a ṣe ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀

Ká pe àròpọ̀ ní S. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi r sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po nísàlẹ̀:

S = 3 + 6 + 12 + 24 + 48
2S = 6 + 12 + 24 + 48 + 96

Ẹ yọ ti òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. 6 pa 6, 12 pa 12, títí dé 48, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan ju 96 àti 3 lọ. 2S - S jẹ́ S kan ṣoṣo, torí r - 1 níbí jẹ́ 2 - 1, ìyẹn 1. S = 96 - 3 = 93. Fọ́múlà tí ìwé kọ náà nìyẹn: S = a(r^n - 1) ÷ (r - 1). Níbí, n ló wà lórí r, kì í ṣe n-1, torí 96 yẹn jẹ́ term kẹfà, ó fi ọ̀kan kọjá márùn-ún tá a rò pọ̀.

Ahmes, akọ̀wé ará Íjíbítì ayé àtijọ́, ti kọ irú ẹ̀ sínú ìwé papirọ́ọ̀sì ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi: ilé 7, ológbò 49, eku 343, ṣírí ọkà 2,401, òṣùwọ̀n ọkà 16,807. Ẹ fi 7 ṣe a, kẹ́ ẹ fi 7 ṣe r, ẹ máa rí 19,607, iye tóun náà rí nìyẹn.

Èyí tí kò lópin

Ẹ gé iṣu sí méjì, ẹ jẹ ìdajì, ẹ tún jẹ ìdajì èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ayé, ẹ ò lè jẹ ju iṣu kan lọ. Ohun tó fà á ni pé ìdajì tá a bá ń sọ di ìlọ́po ara ẹ̀ á máa parẹ́ ni, 0.5^10 kò tó 0.001. r^n bá kúrò nínú fọ́múlà, ó ku a ÷ (1 - r). 80 + 40 + 20 tó ń lọ títí jẹ́ 80 ÷ 0.5, ìyẹn 160. Òun náà ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé 0.333 tí kò dáwọ́ dúró jẹ́ 0.3 ÷ 0.9, ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ìgbà tí r bá wà láàárín -1 àti 1 nìkan lẹ lè lo fọ́múlà yìí o. Ẹni tó bá lò ó fún 2, 6, 18 á rí -1, àròpọ̀ nọ́ńbà tó ń tóbi sí i á wá kéré ju òdo lọ, kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ẹ dán èyí wò fúnra yín: 81, 27, 9. Ẹ wá term 6, kẹ́ ẹ sì wá àròpọ̀ ẹ̀ tí kò lópin. Tẹ́ ẹ bá rí 1/3 àti 121.5, ẹ gbà á.