Bí mo ṣe tọpa owó tí SFO fi ń ṣẹjọ́, títí mo fi dórí owó Glencore

Ẹ̀yin ará, awuyewuye kan ti wà nínú ẹgbẹ́ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀n, ó ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́dún 2022, kóòtù Southwark ní kí Glencore, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣòwò epo, san owó tó lé ní mílíọ̀nù £280 torí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń rí epo rọ̀bì rà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà wà ńbẹ̀, Kamẹrúùnù wà ńbẹ̀. Ta ló wá kó owó yẹn? Àwọn kan ní SFO tó gbé ẹjọ́ náà ló pín in láàárín ara wọn bíi kọ́míṣọ̀n, àwọn kan ní wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí Àbújá, wọ́n dẹ̀ ti jẹ ẹ́ tán. Bùọ̀dá tó jẹ́ alága wa wá ní kí èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó lọ wádìí ẹ̀, kí n wá fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ lọ́nà tó máa yé àwọn màmá wa. Mo ti ṣe é o. Mo ní kí n kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ torí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní dátà lórí fóònù lè ṣe é, kò sí awo kankan ńbẹ̀.

SFO yẹn ni Serious Fraud Office. Òfin ọdún 1987 ló dá wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, jìbìtì ńláńlá àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó díjú ni wọ́n ń bá yí. Àwọn fúnra wọn ló ń wádìí, àwọn náà ló ń gbé e dé kóòtù. Ọlọ́pàá ìlú yìí ò rí bẹ́ẹ̀, tí ọlọ́pàá bá wádìí tán, CPS, ìyẹn àwọn lọ́yà ìjọba tó ń ṣẹjọ́, ni wọ́n á gbé fáìlì fún. EFCC tiwa nílé jọ SFO níbi ká wádìí ká tún fúnra ẹni ṣẹjọ́ yẹn.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni gov.uk. Mo tẹ "SFO annual report and accounts", mo dáúnlóòdù ti ọdún bíi mélòó kan kí n lè rí bí owó ṣe ń lọ sókè sódò. Ìlàjì ìwé yẹn àkọ́kọ́, ẹ má fi àkókò ṣòfò sí i, ọ̀rọ̀ dídùn ni, fọ́tò ọ̀gá àgbà, ohun tí wọ́n ṣe tó dáa. Ẹ sáré lọ sápá ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Statement of Outturn against Parliamentary Supply sí. Ibẹ̀ ni ọjà wà. Òpó kan ń jẹ́ Estimate, ìyẹn owó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí fún wọn, èkejì ń jẹ́ Outturn, ìyẹn èyí tí wọ́n ná gan-an. Ẹ wo òkè téébù náà dáadáa, ẹ máa rí £000 tó rí kínńkín lórí ẹ̀, ìyẹn ni pé tí ẹ bá rí 52,700 ńbẹ̀, mílíọ̀nù £52.7 ni, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún. Tí Outturn bá fi lè ju Estimate lọ, wàhálà dé nìyẹn, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ti ìjọba máa kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba, ọ̀gá àgbà á dẹ̀ lọ ṣàlàyé ẹnu ẹ̀. Torí náà gbogbo wọn máa ń ṣọ́ra kí wọ́n má kọjá ààlà.

Nǹkan tí mo wá rí ni pé owó SFO kì í dúró lójú kan láàárín ọdún. Treasury, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìṣúná ìjọba ìlú yìí, máa ń tẹ ìwé Main Estimates jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún ìṣúná, tó bá wá di bíi oṣù February, òmíràn á tún jáde tó ń jẹ́ Supplementary Estimates. Mo tẹ ojú ìwé SFO nínú méjèèjì síta, mo tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì, mo fi bírò aláwọ̀ ìyeyè fa ìlà sí ibi tí nọ́ńbà ti yí padà. Ìyàtọ̀ yẹn ni ìtàn tí mo ń wá. Lára ẹ̀ ni owó tí wọ́n ń pè ní blockbuster.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé blockbuster yẹn dáadáa torí òun ni èèyàn kì í gbọ́. Owó tí SFO ń gbà lọ́dọọdún kéré, kí ẹjọ́ kan tó tóbi tó gbé gbogbo ẹ̀ mì ò ṣòro. Wọ́n wá ṣètò pé tí ẹjọ́ kan bá ti máa ná wọn ju iye kan lọ, kí wọ́n lọ bá Treasury kó fún wọn lówó ọ̀tọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ fún ìyàwó lówó oúnjẹ, tó wá ní tí àlejò bá ti pọ̀, kó wá béèrè kún un. Ẹjọ́ Libor, ti àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń fọgbọ́n yí iye èlé owó, gba irú owó yẹn, ẹjọ́ Rolls-Royce náà gbà á. Ti Rolls-Royce, ìwé tí wọ́n yẹ̀ wò tó mílíọ̀nù 30! Ta ló fẹ́ fi owó oúnjẹ lásán ka mílíọ̀nù 30 ìwé?

Àwọn kan fẹ́ràn ètò yìí. Àwọn tó ń darí SFO láyé ìgbà yẹn ní ó dáa, pé kò sídìí láti gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ jókòó nígbà tí ẹjọ́ ńlá ò tíì dé, Treasury ò dẹ̀ kọ̀ fún àwọn rí. Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Nǹkan méjì ló ń kọ mí lóminú. Àkọ́kọ́, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mínísítà ìṣúná lo ti máa gba owó kí o tó lè gbé ilé-iṣẹ́ ńlá lọ kóòtù, ilé-iṣẹ́ tó ń gbà èèyàn síṣẹ́, tó ń san owó orí, tó mọ èèyàn nínú ìjọba, agbára wà lọ́wọ́ ẹni tó di àpò mú bí kò bá tiẹ̀ lò ó. Kì í ṣe pé mo ń ro ibi lásán, lóṣù December 2006 SFO dá ìwádìí BAE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà, àti Saudi Arabia dúró nígbà tí ìjọba ní ó lè ṣàkóbá fún ààbò ìlú. Ti owó kọ́ nìyẹn lóòótọ́, àmọ́ ó fi hàn pé wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Èkejì, owó tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí èèyàn gba òṣìṣẹ́ gidi, àwọn tó máa wá ṣe kọ́ńtíráátì oṣù díẹ̀ lẹ máa rí, wọ́n á mọ fáìlì tán, wọ́n á lọ.

Ó jọ pé ìjọba náà rí i. Láti April 2018 wọ́n gbé owó gidi tí SFO ń gbà kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù £34 lọ sí mílíọ̀nù £52 ó lé, kí wọ́n má máa sáré lọ bá Treasury gbogbo ìgbà, wọ́n dẹ̀ fi ilẹ̀kùn blockbuster sílẹ̀ fún àwọn ẹjọ́ ràbàtà. Ọdún kan péré ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Theresa May ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlérí ìbò wọn pé àwọn máa fi SFO kún NCA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ńlá, kó má dá dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, òṣìṣẹ́ tí ò mọ̀ bóyá ọ́fíìsì òun á ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kó lọ kojú àwọn lọ́yà tó wọ́n jù ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 2021 ẹjọ́ àwọn ọ̀gá méjì tó ti wà ní Serco, ilé-iṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ ìjọba ṣe, wó lulẹ̀ torí SFO ò fi gbogbo ìwé tó yẹ han àwọn tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ lásìkò. Owó nìkan kọ́ ló fa ìyẹn, àmọ́ ẹni tó ti to ìwé sínú fáìlì rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ni.

Owó kan tún wà tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, Economic Crime Levy. Láti ọdún ìṣúná 2022 ni wọ́n ti ń bù ú lé báǹkì, lọ́yà, akáńtántì àti àwọn míì tí òfin ìfọwó-ìdọ̀tí-mọ́ dè. Tí owó tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ rẹ nílùú yìí ò bá tó mílíọ̀nù £10.2 lọ́dún, kò kàn ẹ́. Tó bá kọjá ẹ̀, nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún £10 lo máa kọ́kọ́ bá pàdé, àwọn tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ lórí £250,000, wọ́n sì sọ tiwọn di £500,000 ní 2024. Nǹkan bíi mílíọ̀nù £100 lọ́dún ni ìjọba ń wá látibẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, láti fi gbógun ti ìwà ọ̀daràn owó. Ilé-iṣẹ́ tí mo wà kéré, a ò san kọ́bọ̀, ẹ má torí ẹ̀ wá yáwó lọ́wọ́ mi.

Ó wá ku Glencore. Ìwé ìdájọ́ náà wà lórí sáìtì judiciary.uk, ọ̀fẹ́ ni, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ kò le tó bí ẹ ṣe rò. Adájọ́ kọ gbogbo ẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe ń fi àwọn aṣojú gbé owó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kí wọ́n lè fún wọn lépo tó dáa jù lọ́jọ́ tó wù wọ́n. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù $28. Mo da owó ìdájọ́ náà sínú Excel: owó ìtanràn £182,935,392, èrè àìtọ́ tí kóòtù gbà padà £93,479,338.95, owó tí SFO ná sórí ẹjọ́ £4,550,362. Ẹ ro ó pọ̀, £280,965,092.95 ni, ó bá ohun tí wọ́n kéde mu wẹ́kú. Mo fẹ́ràn nǹkan tó bá bálánsì bẹ́ẹ̀.

Owó ìtanràn, àpò ìjọba ló ń lọ tààrà, SFO ò fọwọ́ kàn án. Owó èrè àìtọ́, ètò kan wà fún irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ARIS: Home Office á mú ìdajì, ìdajì tó kù, 18.75% fún àwọn tó wádìí, 18.75% fún àwọn tó ṣẹjọ́, 12.5% fún kóòtù. Nítorí náà ẹni tó ní wọ́n pín in bíi kọ́míṣọ̀n ò purọ́ tán, díẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn àjọ yìí lábẹ́ ètò yẹn, àmọ́ ó jìnnà sí ohun tó ń wí. Ẹ wá wo £4.5 mílíọ̀nù ìnáwó yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ £280 mílíọ̀nù. Tó bá jẹ́ òwò ni, gbogbo wa la máa fi owó sí i.

Nàìjíríà ńkọ́? Ìjọba wa rán lọ́yà wá sí kóòtù náà, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn náà kí wọ́n lè béèrè owó gbà-má-bínú. Adájọ́ ní rárá, SFO àti Glencore nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ níbi ìdájọ́ náà. Nínú £280 mílíọ̀nù yẹn, kóòtù ò pàṣẹ kọ́bọ̀ kan fún Nàìjíríà. Nígbà tí mo sọ èyí nípàdé, gbogbo ilé pariwo. Mo wá sọ ti Amec Foster Wheeler fún wọn, àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà yẹn bá SFO ṣe lórí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní 2021: wọ́n san bíi £103 mílíọ̀nù lápapọ̀, ti ará Nàìjíríà nínú ẹ̀ jẹ́ £210,610. Màmá kan ní ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé òdo ni. Mi ò gbàgbé nǹkan kan, Màmá.

Èyí tó sàn díẹ̀ ni ti Ibori, gómìnà Delta tẹ́lẹ̀, tó gba ẹ̀wọ̀n ọdún 13 ní Southwark ní 2012. Ti SFO kọ́ nìyẹn, ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀n ló wádìí ẹ̀, ẹ̀ka tó ń tọpa owó àwọn olóṣèlú ilẹ̀ òkèèrè, ẹ dẹ̀ mọ ẹni tó ń sanwó ẹ̀ka yẹn? DFID, àwọn tó ń fún ilẹ̀ aláìní lówó ìrànwọ́ nígbà yẹn. Owó ìrànwọ́ ni wọ́n fi wádìí ẹ̀. Ní 2021 wọ́n dá £4.2 mílíọ̀nù padà sí Nàìjíríà, àdéhùn sì wà pé títì Èkó sí Ìbàdàn, títì Àbújá sí Kánò àti afárá Niger kejì ni kí wọ́n fi ṣe. Àwọn ará Delta bínú sí ìyẹn o, wọ́n ní owó àwọn ni, n ò lè dá wọn lẹ́bi.

Ìbéèrè tó gbà wá lákòókò jù ni èyí tí alága béèrè, pé ṣé kò ní dáa kí wọ́n máa fún EFCC ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá gbà. Lábẹ́ òfin EFCC ti 2004, bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, owó ohun tí wọ́n bá gbà tí kóòtù ní kó di ti ìjọba kì í ṣe tiwọn, àpò ìjọba ló ń lọ. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní May 2022 tún wá ní kí àkáǹtì ọ̀tọ̀ wà fún irú owó bẹ́ẹ̀ ní Central Bank. Ní 2024 nìkan EFCC ní àwọn gba bíi bílíọ̀nù ₦364 àti mílíọ̀nù $214, láìka ilé 753 tí kóòtù ní Àbújá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí wọ́n fún wọn ní 5% kí wọ́n lè ṣe bẹbẹ. Èmi sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, kí ọlọ́pàá tó ń jẹ nínú ohun tó bá gbà má lọ máa wá ẹni tó lówó dípò ẹni tó jalè. Kí wọ́n fún wọn lówó tó tó nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé lè rí i, kí wọ́n sì fún wọn lásìkò. Alága ò gbà. A fi síbẹ̀.

Wọ́n ti wá ní kí n ṣe irú ẹ̀ fún bọ́jẹ́ẹ̀tì EFCC. Mo ti dáúnlóòdù ìwé ọ̀hún lórí sáìtì Budget Office, PDF náà lé ní ẹgbẹ̀rún ojú ìwé, Ctrl+F ni mo sì fi ń wá a.