Bí mo ṣe ń tọ́jú èso àwìn kó lè dé ìgbà òjò

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni aboyún ilé kejì kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní òun ti wá àwìn dé Ọjà Ayétòrò, òun ò rí. Ta ni yóò rí àwìn nígbà òjò ní Ẹ̀pẹ́? Mo gbé agolo sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bù fún un. Ojú ẹsẹ̀ ló ti ń fi eyín fọ́ ọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó ń wọ́ wọlé láti inú igbó. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ti bó sínú ọ̀rá. Èèpo dúdú tó rí bí àrán yẹn ni ìdérí ẹ̀. Tó bá ti sán, kòkòrò ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Mo máa ń ra kóńgò mẹ́ta, màá dà á sórí ẹní, màá jókòó tì í, màá máa mú un níkọ̀ọ̀kan. Ẹ mì í létí yín. Èyí tó gbẹ á máa dún, torí inú ẹ̀ ti sún kúrò lára èèpo. Èyí tí kò dún ṣì tutù, oòrùn ló kù fún un. Èyí tó ní ihò bí ojú abẹ́rẹ́, tí lẹ́búlẹ́bú ń dà níbẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ má ṣàánú ẹ̀. Èyí tó kàn sán lásán, ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. (Ìka yín á dúdú. Ó ń lọ.)

Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ẹ sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ ẹ máa kó o wọlé kó tó di ìrọ̀lẹ́, torí atẹ́gùn ọ̀sà wa yìí tutù lóru.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìṣe rèé: ó ṣì gbóná látinú oòrùn tí mo fi dà á sínú ike, mo dé e pa. Ó làágùn. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bu, funfun bí òwú, ó ń rùn bí ọtí kíkan. Kóńgò mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ dé ààtàn. Ní báyìí, abẹ́ òjìji ni mo ń fi sí títí yóò fi tutù, kó tó wọ agolo. Màá ju ata gbígbẹ márùn-ún sí i, bí ìyá mi ṣe ń ṣe sí ẹ̀wà. Lóṣooṣù, ẹ ṣí i wò.

Àbúrò mi ní Sweden ní àwọn ará ibẹ̀ ń já èso pupa kékeré kan nínú igbó, lingonberry, omi tútù lásán ni wọ́n ń rọ sí i nínú ìgò, tí yóò sì pẹ́. Èso tiwọn ní ásíìdì kan nínú tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹ má dán ìyẹn wò lára àwìn. Tí àwẹ̀ bá bọ́ sí àsìkò, ẹ̀kúnwọ́ méjì tí mo ti bó ni mo ń rẹ sómi lẹ́yìn Alásárì. Kó tó di Mọ̀gàríbì, omi ti pọ́n, ó ti kan lẹ́nu dáadáa. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣínu. Kì í dọjọ́ kejì.