Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ́ìlì Bíréèkì

Ọ̀rọ̀ ìgò ọ́ìlì bíréèkì yìí ti sú mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò á gbé ààbọ̀ ìgò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: "Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ ra òmíràn, mo ní èyí nílé." Tí n bá bi í pé ìgbà wo ló ṣí i, á máa wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa náwó sórí másítà (ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sídìí táyà) tí kò ṣàìsàn. Ẹ gbọ́ o.

1. Ríra gálọ́ọ̀nù torí pé ó dínwó. Bíi lítà kan ti tó láti pààrọ̀ gbogbo ti mọ́tò kékeré. Ìgò kékeré ni kẹ́ ẹ rà.

2. Fífi ìgò tó ti ṣí pamọ́. Ibí gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ́ìlì bíréèkì tí gbogbo wa ń lò, DOT 3 àti DOT 4 (irú ọ́ìlì náà tí wọ́n kọ sára ìgò), máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe máa ń yọ omi lásìkò òjò. Ẹ dé e tán, ẹ rò pé ó parí, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ìgò ti gbé omi tirẹ̀ dání. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Tí omi inú rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 3.7 nínú 100, ó lè hó ní 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Tó bá sì hó nínú páìpù, atẹ́gùn ló ń dà. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, atẹ́gùn ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ bíréèkì fi máa ń wọlẹ̀ tí mọ́tò kò ní dúró.

Oníbàárà mi kan ní kí wọ́n fi ìgò tó ti pẹ́ nínú bùùtù blẹ́ẹ̀dì bíréèkì fún òun (kí wọ́n fa ọ́ìlì àtijọ́ àti atẹ́gùn jáde nínú páìpù), ó wá gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Alààyè lọ. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó ti ń tẹ bíréèkì látòkè wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ pátápátá. Jíà kékeré àti hánbíréèkì ló gbà á. Nígbà tí mọ́tò tutù, bíréèkì tún mú padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹnì kan ti ní kó ra másítà tuntun kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. A fa ọ́ìlì yẹn dànù, a fi tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí i, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ó ṣì mọ́ lójú. Ó lè mọ́ kí omi kún inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ omi inú rẹ̀ wò wà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín lò ó. Tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo bébà tó wà lábẹ́ ìdérí: tó bá ti ya, ẹ dá a padà. Ibi gbígbẹ tí oòrùn ò pa ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú bùùtù. Ní tèmi, ìgò tí mo ti já fún iṣẹ́ kan kì í dé orí iṣẹ́ mìíràn.

3. Dídà á sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Májèlé ni, ọmọdé lè gbé e mu.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì jíà tún wà níbẹ̀. Tí díẹ̀ nínú wọn bá kán sínú táǹkì bíréèkì, rọ́bà másítà àti ti kálípà (èyí tó ń fún páàdì mọ́ra nídìí táyà) á wú, gbogbo wọn lẹ ó sì pààrọ̀. Fọ́nẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ fi da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹ má fi kan bíréèkì. Ẹni tó ń bu omi ọṣẹ sí i, kó yé gbé èrò.

DOT 5 kì í ṣe ẹgbẹ́ DOT 4, sílíkónì ni, ẹ má pò wọ́n. DOT 5.1 yàtọ̀ sí DOT 5. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí táǹkì ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ blẹ́ẹ̀dì jáde kò gbọdọ̀ padà sínú mọ́tò, bó ti wù kó mọ́ tó.

Tó bá sì ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, ẹ wo páàdì kẹ́ ẹ tó dà kún un. Páàdì tó ń tán ló sábà ń fà á. Tí ẹ bá dà á kún, tí ẹ wá fi páàdì tuntun sí i, á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á sì bó ọ̀dà ara mọ́tò.

Ẹni tó ra tòkunbọ̀ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ tirẹ̀ kẹ́yìn, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ọdún méjì méjì.