Tẹ́ ẹ bá fura pé ọmọbìnrin yín ń gbé ayé méjì, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí

Ẹ kú ilé o. Irun ni mo ń ṣe, Sábó níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ọmọbìnrin tó ti jókòó síwájú mi tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan nílé tí wọ́n ń jẹ́ òmíràn níta, mi ò lè kà wọ́n tán. Èmi gan-an sì ṣe é. Lọ́dún 2011, ọmọ díákónì ni mí nílé, síkẹ́ẹ̀tì mi ń gbálẹ̀, mo wà nínú kuáyà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dórí 2go, ibi tá a ti máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà yẹn, Tíínà lorúkọ mi, mo ti pé ọmọ ọdún 19, LAUTECH, yunifásítì tó wà níbí, ni mo wà, bẹ́ẹ̀ SS2 ni mo ṣì wà lóòótọ́, mi ò ju ọmọ ọdún 15 lọ. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ibi tí mo ti bọ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín á ti máa yún yín, ẹ fẹ́ já a gbà, ẹ fẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ayé kejì yẹn ò ní kú, á kàn kó lọ sórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, ibẹ̀ lẹ ò sì ti ní rí nǹkan kan mọ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò ni irun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi ni mò ń sọ. Ọmọ iléèwé ní irun tí wọ́n ní kí wọ́n dì lọ́sẹ̀ yẹn, a mọ ìyẹn. Àmọ́ tí ọmọ bá wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ní kí n fi atáṣímẹ́ǹtì gígùn dé ìdí ṣe é, tó bá tún fi máa di Sunday ìrọ̀lẹ́ tó ti wá ń tú u, tí mo wá dì í ní irun iléèwé padà, irun ọjọ́ méjì nìyẹn, owó ẹ̀ ò sì kéré. Ta ló san án? Ibo ló gbé e lọ? Ìyá tó bá fọwọ́ kan orí ọmọ ẹ̀ láàárọ̀ Monday á mọ̀, torí awọ orí á ti pọ́n, iwájú á ti máa dùn ún. Òmíràn tún wà, tẹ́ ẹ bá jọ ń rìn lọ́nà Takie tí ọmọ oní-márúwá kan bá pariwo orúkọ kan tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, tọ́mọ yín wá ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́, àmọ́ tó yára ẹsẹ̀ díẹ̀. Ó gbọ́ o.

Ti WhatsApp ńkọ́? Tó bá ti tó oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ ò rí status ọmọ yín, ẹ má sọ pé ó ti fi í sílẹ̀, ibì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè yan àwọn tí ò ní rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nọ́ńbà yín ló kọ́kọ́ tẹ̀. Lórí Tecno àti Infinix, nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní XClone, ó máa ń sọ WhatsApp kan di méjì, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, èmi náà ń lò ó fún àwọn kọ́sítọ́mà mi. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú sí ni sím kejì yẹn gangan. Láti December 2020 ni ìjọba ti ní kí gbogbo sím ní NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, lára, wọn kì í sì í fi orúkọ ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ṣe sím. Ìyẹn ni pé àgbà kan ló ṣe sím yẹn fún un. Tó bá jẹ́ àǹtí ẹ̀ tàbí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó ṣì kéré. Tó bá wá jẹ́ "bọ̀rọ̀dá kan báyìí", ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé gbogbo ohun yòókù, bọ̀rọ̀dá yẹn lẹ máa wá kàn.

Torí ayé kejì ò jọra wọn. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi tó jẹ́ pé ijó ló ń jó lórí TikTok, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé wọn ni wọn ò ti lè gbọ́ ìlù kí wọ́n máà pè é ní ti èṣù. Ọ̀kan ń lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lẹ́yìn iléèwé lójoojúmọ́, ó ń pè é ní lesson, torí bàbá ẹ̀ ti búra pé ọmọ òun ò ní wa máṣíìnì, ọmọ náà sì ti fojú ara ẹ̀ rí i pé owó WAEC ò sí nílẹ̀. Ọ̀kan, ẹ̀sìn tí wọ́n ń ṣe nílé kọ́ ló ń ṣe lọ́kàn ẹ̀, inú báàgì ló ń gbé aṣọ kejì sí. Àti ọ̀kan tí ọkùnrin tó tó bàbá ẹ̀ ra fóònù fún. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀kan ṣoṣo ni iná ń jó nínú mẹ́rin yìí? Pàṣán kan náà ni wọ́n sì fi ń na gbogbo wọn. Kẹ́ ẹ tó la ẹnu, ẹ bi ara yín léèrè, kí ni ọmọ yìí ń rí níbẹ̀ tí kò rí nílé? Ẹ má yára dáhùn pé "kò sí, gbogbo nǹkan la ṣe fún un". Èmi, ohun tí mo ń rí lórí 2go ni pé ẹnì kan ń bi mí pé kí lo rò. Wọn kì í bi mí bẹ́ẹ̀ nílé, "o ti fọ abọ́?" ni wọ́n ń bi mí.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ má pè é wá sí pálọ̀, ẹ má jókòó kojú síra bí ìgbìmọ̀. Ẹ bá a tú irun. Mo sọ ọ́ tán. Irun títú lè gbà tó wákàtí méjì, ẹ̀yìn orí ẹ̀ ló kọ sí yín, ojú ò ko ojú, ọwọ́ yín sì ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó máa wò ó pé ó ń sunkún. Gbogbo àṣírí tí mo mọ̀ nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ọ. Ẹ má tan án pé "mo ti mọ gbogbo ẹ̀, ẹnu ẹ ni mo fẹ́ gbọ́", torí ọmọ gbọ́n, á jù èyí tó kéré jù sí yín, á sì di ẹnu mọ́ èyí tó wúwo. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ó ń ṣe mí bíi pé ọmọ méjì ni ìwọ nìkan nílé yìí. Èkejì tí mi ò mọ̀ yẹn, ṣé ara ẹ̀ le? Ṣé kò sẹ́ni tó ń dẹ́rù bà á?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ máa tú irun yín lọ. Tí kò bá dáhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, irun ò tán lórí ẹ̀.

Tó bá sọ ìdajì, ẹ gba ìdajì. Ẹ má sáré pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má sì gbé e sí group ẹbí, mo bẹ̀ yín. Bàbá ńkọ́? Ẹ máa sọ fún wọn, torí tẹ́ ẹ bá ń bá ọmọ bò ó mọ́ bàbá lórí, ẹ̀yin náà ti ní ayé kejì nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́, kẹ́ ẹ jọ mú ọjọ́, kẹ́ ẹ wà níbẹ̀.

Tó bá wá lọ jẹ́ ti ọkùnrin àgbà, tàbí ẹnì kan tó mú àwòrán ìhòòhò ẹ̀ lọ́wọ́ tó ń sọ pé kó sanwó tàbí kó wá, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín ni "kì í ṣe ẹjọ́ rẹ". Ẹ má sanwó, torí á tún béèrè sí i. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí fóònù yẹn, ẹ ya fọ́tò ojú fóònù náà (screenshot), nọ́ńbà àti orúkọ àti ọjọ́, gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀rí. Àmọ́ àwòrán ọmọ yẹn fúnra ẹ̀, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kódà sí ẹ̀gbọ́n yín, torí lábẹ́ òfin Cybercrimes ti 2015, títan irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ káàkiri ọ̀ràn ni. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Take It Down, Amẹ́ríkà ló ti wá, ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí ọmọ ò tíì pé 18. Àwòrán náà ò ní kúrò lórí fóònù ọmọ, àmì kan bí ìtẹ̀ka ni wọ́n máa yọ lára ẹ̀, òun ni Facebook, Instagram àti TikTok á fi dá a mọ̀ tí wọ́n á fi yọ ọ́. Kò lágbára lórí WhatsApp ṣá.

Tí ọkùnrin náà bá ti fọwọ́ kan án, ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ gbé e lọ sọ́sìbítù lọ́jọ́ náà, oògùn tó ń dènà HIV ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti kọjá wákàtí 72. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá, tàbí nọ́ńbà NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, 627. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ pé "ọmọ náà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀", ẹ sọ fún un pé òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà sọ di tiwọn ní 2006, ò mọ "ó fẹ́" fún ẹni tí ò tíì pé 18. Àwọn ẹbí ọkùnrin máa wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n máa gbé ọtí wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e padà.

Ó ku èyí tó ń ká èmi lára. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń bá àwọn ọmọ yìí tọ́jú báàgì. Wọ́n á wọṣọ ilé wá, wọ́n á pààrọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n á lọ. Mo ń pè é ní àánú. Ọjọ́ tí ìyá ọ̀kan dé tó ń bèèrè ọmọ ẹ̀ láago mẹ́wàá alẹ́, tí aṣọ ọmọ náà wà lábẹ́ àga mi, tí mi ò mọ ibi tó wà, ọjọ́ yẹn ni mo yéé ṣe é. Báyìí, tí ọmọ bá gbé báàgì wá, mo máa ń sọ fún un pé mi ò ní fẹjọ́ ẹ sùn, àmọ́ báàgì yìí ò ní wọ ṣọ́ọ̀bù yìí àfi tí àgbà kan nílé yín bá mọ̀, wá ẹni tí ìwọ fẹ́, ká jọ lọ bá a. Àwọn kan ò padà wá. Àwọn kan padà wá.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ máa kó ayé kejì yẹn wọlé díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò lè pa á lára. Bó ṣe rí fún èmi, mo ní jíǹsì kan tí mo fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá tó ń lọ ata ládùúgbò wa. Mi ò mọ ẹni tó tú mi fó títí dòní. Mo dé láti iléèwé lọ́jọ́ kan báyìí, mo rí jíǹsì mi lórí okùn níwájú ilé, gbalasa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró màmá mi, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó ti gbẹ, lọ ká a kí òjò tó dé." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ ti Tíínà fún wọn.