Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ìjì Ààrá Ń Bọ̀, àti Ìgbà Tó Yẹ Kí A Wọlé

Kí ìjì ààrá tó lè dìde, ọ̀rinrin àti ooru gbọ́dọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́, ohun kan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò gbé afẹ́fẹ́ náà lọ sókè. Nígbà mìíràn, oòrùn tó ti ń pa ilẹ̀ láti àárọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ ńlá méjì tí ìwà wọn kò jọra ló pàdé: ọ̀kan ti pẹ́ lórí òkun títí ó fi kún fún ọ̀rinrin, èkejì ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tútù. Èyí tó tutù ló wúwo jù, nítorí náà, abẹ́ èyí tó gbóná ni yóò gbà wọlé, tí yóò sì gbé e sókè. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè ni ó ń tutù, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a sì di ẹ̀kán omi wínníwínní tí à ń pè ní ìkùukùu.

Ojú ọ̀run, nítorí náà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ mú ìkùukùu funfun kan, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá dúró kékeré bí òwú, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ bá ń ru sókè bí ìfófó ọṣẹ, tí gíga rẹ̀ sì ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ fura sí i. Bí orí náà bá wá tẹ́ bí pẹpẹ, ìjì ti gbó nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kíyè sí afẹ́fẹ́. Ooru á mú, ewé kankan kò ní mì. Lójijì, afẹ́fẹ́ tútù á fẹ́ lù yín lójú, eruku á sì máa sáré níwájú rẹ̀. Òjò tó ti ń rọ̀ lọ́nà jíjìn ló fa afẹ́fẹ́ tútù yìí wálẹ̀ láti òkè. Ẹ má ṣe dúró gbádùn rẹ̀. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ojú ọ̀nà ni òjò ká mi mọ́.

Kíkà ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí ààrá yóò fi sán. Ìró kì í rìn ju nǹkan bíi mítà 340 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, ẹ fi 3 pín iye tí ẹ bá kà, ẹ ó sì mọ iye kìlómítà tó wà láàárín yín àti mànàmáná náà. Bí ẹ bá ka 9, kìlómítà 3 ni. Bí iye náà bá ń dín kù, ọ̀dọ̀ yín ni ìjì ń bọ̀. Bí ó bá ti wọ 30, ẹ wọlé, kódà bí òjò kò tíì kán, nítorí pé mànàmáná lè balẹ̀ ní ibi tó jìnnà tó kìlómítà 10 sí òjò.

Ilé gidi ni kí ẹ sá sí, kì í ṣe abẹ́ igi. Ọkọ̀ tó ní òrùlé irin náà dára, bí ẹ bá ti gbogbo fèrèsé rẹ̀. Irin ara rẹ̀ ló ń darí iná náà gba ìta lọ sílẹ̀, kì í ṣe táyà rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ẹ má jáde títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn. Bí òmíràn bá sán ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.