Àṣìṣe Tí Àwa Ará Èkìtì Máa Ń Ṣe Létí Òkun

Èkìtì kò bá òkun pààlà, síbẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ wa ń kó èrò lọ sí etí òkun ní Èkó, àwọn kan nínú wa sì ti ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ó ń mú wa ṣìṣe ni pé ọgbọ́n oko àti ti odò ni a máa ń gbé lọ síbẹ̀.

Èyí tí ó burú jù lójú mi ni kí ènìyàn rí ìtàkùn lórí òkìtì iyanrìn, kí ó kà á sí igbó, kí ó sì ro ó. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, jẹ́ ìbátan ọ̀dùnkún tí a ń gbìn (ẹ má kàn wá nǹkan jíjẹ nídìí rẹ̀). Iyọ̀ òkun kì í pa á, bí atẹ́gùn bá sì ń gbá iyanrìn kiri, òun ni yóò dá a dúró títí yóò fi di òkìtì. Òkìtì yìí ni àká etí òkun: nígbà ìjì, ìgbì á bu nínú rẹ̀ lọ, nígbà tí òkun bá sì rọlẹ̀, ìgbì kan náà á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí ó sì kọ́lé lé e, ilé rẹ̀ ni ìgbì yóò wá bù.

Ẹni tí ó máa ń wa iyanrìn nínú odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ mọ̀ pé àgbàrá yóò kó òmíràn wá lẹ́yìn òjò, ó sì lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni etí òkun rí. Kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ní àwọn erékùṣù, níbi tí odò kì í gùn. Ní São Tomé, wọ́n kó iyanrìn etí òkun kọ́lé títí tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀ wọlé ní àwọn ibi kan.

Ògiri pàápàá kì í fìgbà gbogbo tún etí òkun ṣe. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni wọ́n kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà wọlé. Òkun ibẹ̀ a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ògiri dá a dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach tí ó wà ní ìlà oòrùn rẹ̀, débi pé léraléra ni wọ́n da iyanrìn síbẹ̀.

Ìjàpá òkun náà ń yé sínú iyanrìn. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á jáde lóru, wọn á forí lé ibi tí ó bá mọ́lẹ̀ jù, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ ojú omi. Ìjọ tí ó bá ń ṣe ìṣọ́ òru níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tan iná sójú iyanrìn. Kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ títì, kí wọ́n sì pa á bí àdúrà bá ti parí.