Mímú pírósẹ́sọ̀ sáré láti inú BIOS: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ooru, fólítéèjì àti sìkírínì dúdú

Ẹni tó bá fẹ́ overclock, ìyẹn ni kó mú pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ láti inú BIOS, ojú ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, nọ́ńbà ìyára ló máa ń kọ́kọ́ wò. Fólítéèjì àti ooru ló yẹ kó wò, nítorí àwọn méjèèjì ló ń pinnu bóyá ẹ̀rọ á dúró tàbí á máa kú láàárín iṣẹ́. Ryzen 5 3600, pírósẹ́sọ̀ AMD, lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù B450 (bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí owó rẹ̀ kò ga jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò ó. Níbi tí ti Intel bá ti yàtọ̀, mo sọ ọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wọ inú BIOS, mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí multiplier (nọ́ńbà tó ń pinnu ìyára, bíi 42 fún 4.2 GHz) títí, n kò rí i. Kọ̀ǹpútà HP tokunbo ni, Core i5 ló wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Kò sí nǹkan tí ẹ lè ṣe sí i láti inú BIOS yẹn. Lára pírósẹ́sọ̀ Intel fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àwọn tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn nọ́ńbà wọn, bíi i7-8700K tàbí i5-12600K, ni wọ́n sábà máa ń ṣí multiplier wọn sílẹ̀. Mọ́dàbọ́ọ̀dù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-chipset (ṣíìpù tó ń darí bọ́ọ̀dù) Z, bíi Z390 tàbí Z690. HP EliteDesk àti Dell OptiPlex tó kún ọjà tokunbo wa, ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọn kò sì fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó rà á. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra fáànù ńlá, ẹ fi ra SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) àti RAM (ìrántí ẹ̀rọ). Ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ti AMD rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Ryzen ni wọ́n ṣí sílẹ̀ (5800X3D kò sí lára wọn), kí mọ́dàbọ́ọ̀dù ṣáà jẹ́ B tàbí X: B450, X470, B550, X570. Ẹni tó bá ní A320 tàbí A520, kó fi ti pírósẹ́sọ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Ryzen 5 3600 ni tèmi, B450, fáànù tó bá a wá nínú páálí ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé multiplier sí 43, n kò fọwọ́ kan fólítéèjì, Auto ni mo fi í sí. Tí mo bá ń ṣe rendering fídíò (kí ẹ̀rọ máa sọ fídíò tí mo ti tò di odindi), ooru rẹ̀ á gùn dé 95 °C, iṣẹ́ á wá falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Auto yẹn ni. Tí ẹ bá gbé ìyára sókè tí ẹ fi fólítéèjì sílẹ̀ fún mọ́dàbọ́ọ̀dù, òun ló máa yan iye tó fẹ́, lórí ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù, iye tó pọ̀ ju ohun tí pírósẹ́sọ̀ nílò lọ ló sì máa ń yàn. Kí ẹ̀rọ ṣáà ti tan ni tirẹ̀. Ooru rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ máa bá a yí.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Bí ìyára bá ṣe gòkè ni ooru ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n fólítéèjì ń ṣe é ní ìlọ́po ara rẹ̀ (fólítéèjì × fólítéèjì). Ká ní ẹ kúrò ní 4.0 GHz lórí 1.20 V, ẹ bọ́ sí 4.2 GHz lórí 1.35 V. Ìyára fi ìdá 5 nínú 100 gòkè. Agbára tí pírósẹ́sọ̀ ń jẹ, tó sì ń di ooru, fi bí ìdá 33 nínú 100 gòkè. Wraith Stealth, fáànù kékeré inú páálí yẹn, pírósẹ́sọ̀ 65 W ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tí 3600 ti máa ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kó má baà jóná ni 95 °C, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yín fi falẹ̀.

Ilé tí ẹ jókòó sí náà wà lára ọ̀ràn yìí. Fáànù kò lè mú pírósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ. Ẹni tó dán an wò ní London nínú yàrá 21 °C tó sì rí 78 °C, tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ kan náà wá sí yàrá tí kò ní éèsì ní Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù Kẹta, níbi tí afẹ́fẹ́ ti wà ní 33 °C, ẹ fi bíi 12 kún un kí ẹ tó gbé ọkàn lé e. Eruku ọyẹ́ tó dí ẹnu fáànù tún máa ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku náà kúrò.

Ẹ wọ BIOS, ẹ yan Load Optimized Defaults, tó ń dá ètò ilé iṣẹ́ (defaults) padà. Lórí Windows, ẹ ṣí HWiNFO64 (ètò tó ń fi ooru, ìyára àti fólítéèjì hàn), ẹ jẹ́ kí Cinebench (ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán pírósẹ́sọ̀ wò, tó sì ń fún un ní máàkì) ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ooru tó ga jù, ìyára tó dúró lé lórí, àti máàkì tó gbà. Láìsí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ pàdánù. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí BIOS, ẹ fi ọwọ́ yín kọ CPU Core Voltage sí 1.25 V, multiplier sí 40. Ẹ dán an wò. Tó bá dúró, 41. Tó bá tún dúró, 42. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, torí tí ẹ bá yí mẹ́ta tó sì kú, ẹ kò ní mọ èyí tó pa á. Níbi tó bá ti kọ̀, ẹ fi 0.0125 V kún un tàbí kí ẹ sọ multiplier kalẹ̀. Lórí 3600, n kì í fi fólítéèjì àfọwọ́kọ kọjá 1.325 V, tí ooru bá sì ti kọjá 85 °C lórí iṣẹ́ gidi, mo ti dúró nìyẹn, bó ti wù kí ìyára wà níbi tó wà.

Ẹ máa rí 1.45 V nínú HWiNFO64 nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí defaults tí kò ṣiṣẹ́ tó le, ọ̀pọ̀ sì máa ń ti ibẹ̀ rò pé 1.45 V kò léwu. Ìgbà tí core (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú pírósẹ́sọ̀) kan tàbí méjì ń sáré fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni pírósẹ́sọ̀ ń béèrè iye yẹn, iná tó ń gbà á kọjá nígbà náà kéré. Tí ẹ bá wá fi ọwọ́ yín ti 1.45 V mọ́ ọn, tí core mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń kọjá pọ̀ gan-an, ìyẹn ló ń jẹ ṣíìpù run láti inú.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó ṣe gbogbo wàhálà yìí. 3600 máa ń gun 4.2 GHz fúnra rẹ̀ lórí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá tì í pa sí 4.1 GHz, rendering lè yá díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lo core kan á falẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Excel àti ìkànnì ayélujára ló ń lò, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo tẹ F10, mo save, ó pa, ó tún tan. Fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n sìkírínì dúdú kirikiri. Ṣé mo ti ba á jẹ́ ni?

Rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò tí ẹ kọ ni kò lè fi tan. Ẹ má fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀: ọ̀pọ̀ mọ́dàbọ́ọ̀dù máa ń gbìyànjú ní ìgbà mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á dá ètò ilé iṣẹ́ padà fúnra wọn. Ẹ wo àwọn iná kékeré tí wọ́n kọ CPU (pírósẹ́sọ̀), DRAM (RAM), VGA (káàdì àwòrán) àti BOOT (ibi tí Windows ti ń tan) sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó bá dúró tí kò kú ló ń sọ ibi tí ìṣòro wà.

Tí kò bá padà, ẹ pa iná lẹ́yìn power supply (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà ní iná), ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15 kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Lórí bọ́ọ̀dù, ẹ wá ẹsẹ̀ irin méjì tí wọ́n kọ CLRTC sí lára ASUS, JBAT1 lára MSI, tàbí CLR_CMOS lára Gigabyte. Ẹ fi ẹnu sukudiráfà kan méjèèjì papọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ yọ bátìrì CR2032, èyí tó rí bíi owó ẹyọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Ó sábà máa ń tan. Ẹ tún aago àti ọjọ́ rẹ̀ ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró kẹ́yìn.

Ìbéèrè: Tèmi ń tan, Cinebench ń parí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì tí mo bá ń ṣe géèmù, ojú búlúù tí Windows ń fi hàn tó bá kú á yọ. Ṣé kì í ṣe pé ó ti dúró dáadáa ni?

Kò tíì dúró. Cinebench ìṣẹ́jú 10 kàn ń sọ fún yín pé ẹ lè tẹ̀síwájú ni. Ẹ fi OCCT tàbí Prime95, àwọn ètò tó ń fi iṣẹ́ tó le gan-an dán ẹ̀rọ wò, dán an wò fún wákàtí kan, kí ẹ wà nítòsí, kí ẹ máa wo ooru. Small FFTs, ọ̀kan lára ìdánwò Prime95, máa ń mú ooru tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í mú wá, nítorí náà ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ tó bá ti ń sún mọ́ 95 °C.

Ẹ ka ohun tó wà lójú búlúù náà. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR tàbí CLOCK_WATCHDOG_TIMEOUT sábà máa ń túmọ̀ sí pé fólítéèjì kò tó fún ìyára tí ẹ ń béèrè. MEMORY_MANAGEMENT, ẹ kọ́kọ́ wo RAM. Kódà tí ojú búlúù kò bá yọ, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wọ Windows Logs, System, kí ẹ wá WHEA-Logger. Tó bá wà níbẹ̀ léraléra, pírósẹ́sọ̀ ń ṣe àṣìṣe tó ń tún ṣe ní kọ̀rọ̀, bó ṣe ń wò yín lójú pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nìyẹn.

Ẹ tún wo Load-Line Calibration (LLC) nínú BIOS. Nígbà tí iṣẹ́ bá le, fólítéèjì máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀: ẹ kọ 1.30 V, HWiNFO64 ń fi 1.25 V hàn. LLC ló ń gbé e dúró. Ẹ yan ti àárín. Èyí tó le jù máa ń jẹ́ kí fólítéèjì fò kọjá iye tí ẹ kọ nígbà tí iṣẹ́ bá ṣàdédé dúró. Ẹ sì ka ìwé bọ́ọ̀dù yín, torí lára ASUS, nọ́ńbà tó tóbi ló le jù, lára ASRock, Level 1 ló le jù.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìyára tí wọ́n kọ sí i lára) pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ tan XMP, tí àwọn bọ́ọ̀dù AMD kan ń pè ní DOCP, nígbà tí pírósẹ́sọ̀ ṣì wà lórí defaults, kí ẹ fi MemTest86 dán RAM wò. Ìgbà tó bá mọ́ tán ni kí ẹ tó lọ sí multiplier. RAM DDR4-3200 tí ẹ kò tan XMP fún lè máa sáré ní 2133 tàbí 2400 láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á, nítorí náà èrè tó wà níbí yìí lè ju ti pírósẹ́sọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Jẹnẹrétọ̀ kékeré la ń lò nílé, iná NEPA sì máa ń rọ̀. Ṣé ó kàn án?

Ó kàn án gan-an. Power supply tó dára máa ń gba iná láti 100 dé 240 V, ṣùgbọ́n tí iná bá rọ̀, ó máa fa púpọ̀ sí i láti ara wáyà kó tó lè fún ẹ̀rọ ní iye kan náà. Overclock tó dúró dáadáa lórí iná tó péye lè kú lórí jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n. Tí ẹ̀rọ bá ń pa lójijì láìsí ojú búlúù rárá, ẹ fura sí power supply tàbí iná kí ẹ tó fi kún fólítéèjì. Ẹ dán an wò lórí orísun iná méjèèjì. Ohun kan tí n kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni ni kó máa update BIOS láìsí UPS. Tí iná bá lọ láàárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù náà lè má tan mọ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, ṣé ewu ti tán?

Kò tán, ó dínkù ni. AMD àti Intel kò gbà kí warranty bo ìbàjẹ́ tí overclock fà. Fólítéèjì tó pọ̀ kì í sì í sábà pa pírósẹ́sọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ìyára tó ń dúró lórí 1.30 V tẹ́lẹ̀ á fi máa béèrè 1.35 V. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìyára kalẹ̀, ẹ má fi fólítéèjì lé e lọ.

Ètò tí mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ yàn náà lè ṣe jàǹbá. Ní 2023, àwọn Ryzen 7000X3D kan jóná mọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí fólítéèjì SoC (ti apá pírósẹ́sọ̀ tó ń bá RAM ṣiṣẹ́) tó ga jù, AMD sì fi BIOS tuntun dè é sí 1.3 V. Ní 2024, Intel gbà pé fólítéèjì tó ga ń ba Core ìran 13 àti 14 kan jẹ́, ó sì gbé microcode (àtúnṣe ètò inú pírósẹ́sọ̀ tó ń bá BIOS wọlé) 0x129 jáde ní oṣù Kẹjọ, 0x12B tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní èyíkéyìí nínú wọn tí kò tíì update BIOS, kó má sọ̀rọ̀ overclock rárá títí yóò fi ṣe é.

Ìbéèrè: Ryzen 5 5600X ni èmi fẹ́ rà. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

Fún un, ẹ fi multiplier sílẹ̀. Nínú BIOS, ẹ wọ Precision Boost Overdrive (ètò AMD tó ń jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ gbé ìyára sókè), ẹ lọ sí Curve Optimizer, ẹ yan All Cores, Negative, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín fólítéèjì kù níbi gbogbo, pírósẹ́sọ̀ á wá rí àyè sáré sí i fúnra rẹ̀ láìjẹ́ kí ooru pọ̀. Nínú yàrá tó gbóná bíi tiwa, ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá dúró, 15, lẹ́yìn náà 20. Ìgbà tí ẹ̀rọ kò bá ṣe nǹkan kan ló máa ń kú tó bá ti pọ̀ jù, nítorí náà ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn mọ́jú láìṣiṣẹ́, kí ẹ wo WHEA-Logger láàárọ̀.

Tí ẹ bá rí ètò tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ewé BIOS tí ẹ fọwọ́ kàn. Profile tí ẹ save sínú bọ́ọ̀dù sábà máa ń parẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá update BIOS.